Ká Ka Ẹrù Iná Ká Tó Gbé Sítóófù Sí Yàrá Àlejò

Ilé àlejò jẹ́ òwò tó dára ní Ìlá Ọ̀ràngún àti agbègbè Ìgbómìnà wa. Àwọn òbí tó wá wo ọmọ wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, àwọn oníṣòwò tí ilẹ̀ ṣú bá, àti àwọn tó ń lọ wo ìṣàn omi Àyìkúnugbá ní Òkè-Ìlá, gbogbo wọn ló ń wá ibi tí wọn yóò sùn. Bí yàrá bá ní ibi ìdáná, àlejò lè pẹ́ níbẹ̀, owó á sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n wáyà tó ń gbé fáànù lè má lè gbé sítóófù.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Wọ́n ti kọ iye wáàtì sí ara ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi 230 pín in, nítorí fóòtì 230 ni iná ilé wa. Iye áńpù ló máa jáde. Ẹ jẹ́ ká wo yàrá kan:

Sítóófù oníná olójú méjì: wáàtì 2,000
Kẹ́tù oníná: 2,000
Áyọ́ọ̀nù: 1,000
Fíríìjì kékeré: 150
Tẹlifíṣọ̀n: 80
Fáànù: 75
Gílóòbù méjì: 20
Àpapọ̀: 5,325

Ìyẹn lé ní áńpù 23. Bí a bá yọ sítóófù àti kẹ́tù kúrò, kò tó áńpù 6. Ẹ ò rí i pé ìdáná ló ni ẹrù!

Sítóófù àti kẹ́tù nìkan lé ní áńpù 17. Ẹni tó bá ki méjèèjì bọ ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo tí fíúsì rẹ̀ jẹ́ 13, ó ti di ẹrù lé alábàárù kọjá agbára rẹ̀. Bí fíúsì bá já, ó ń bá wa ṣọ́ ilé ni. Ẹni tó bá fi wáyà lásán tàbí bébà inú páálí sìgá rọ́pò rẹ̀, ó ti lé ọlọ́dẹ lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí sítóófù yàrá kọ̀ọ̀kan ní wáyà àti fíúsì tirẹ̀ láti ojú bọ́ọ̀dù. Fíúsì kò sì gbọdọ̀ ju ohun tí wáyà náà lè gbé lọ.

Bí yàrá bá jẹ́ mẹ́fà ńkọ́? Wáàtì 31,950 nìyẹn, bí áńpù 139 lórí féèsì kan. Ẹ pín in sí féèsì mẹ́ta, yàrá méjì méjì, yóò di bí áńpù 46 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Òótọ́ ni pé gbogbo àlejò kì í dáná lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlànà àwọn oníṣẹ́ iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ilé àlejò kékeré ni pé kí a ka sítóófù tó tóbi jù ní odindi, ìkejì ní ìdá 80 nínú 100, àwọn yòókù ní ìdá 60. Sítóófù mẹ́fà tó yẹ kó jẹ́ 12,000 yóò di 8,400. Ṣùgbọ́n wáyà ńlá tó wọlé nìkan ni ẹ̀dínwó yìí wà fún. Kò kan wáyà inú yàrá.

Jẹnẹrétọ̀ 5 kVA kò lè gbé gbogbo ohun inú yàrá kan yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá lọ, ẹ pa ìlà sítóófù.

Ẹ ka ẹrù yín, kí ẹ mú ìwé ìṣirò náà lọ bá oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ àti ilé-iṣẹ́ IBEDC kí ẹ tó ra wáyà. Ilé lè jó, gbèsè tí a jẹ ẹgbẹ́ kì í bá a jó. A ò ní rí ibi o.