Ìpèsè Fídíò Ẹ̀kọ́ Yorùbá fún Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Àmì Ohùn

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè Yorùbá ni ó ń gbé fídíò ẹ̀kọ́ sí orí YouTube lóde òní. Àkíyèsí wa ni pé ọ̀rọ̀ tí ó hàn ketekete lójú pátákó a máa di bàìbàì nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wò ó. Bí àmì abẹ́ lẹ́tà bá pòórá, ọkọ a di oko. Bí àmì ohùn bá pòórá, a kò ní mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí ó ń fa èyí àti ọ̀nà àbáyọ.

Ohun tí ó ń fà á

YouTube kì í fi fídíò sílẹ̀ bí a ṣe gbé e wá. Ṣe ni ó máa ń tún un fún pọ̀. Ìfúnpọ̀ yìí a sì máa gé lára àwòrán. Bí àwa náà bá ti fún un pọ̀ jù tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ya ẹ̀dà láti ara ẹ̀dà tí ó ti ṣá.

Ètò tí ó yẹ

(i) Irú fáìlì: MP4, pẹ̀lú H.264 fún àwòrán àti AAC fún ohùn.
(ii) Iye fíréèmù: kí ó wà bí ẹ̀rọ ṣe yà á. Bí ó bá jẹ́ 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí a fi 25 sílẹ̀.
(iii) Ìwọ̀n déétà: bí fíréèmù kò bá ju 30 lọ, mẹ́gábíìtì 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún àwòrán 1080, àti 5 fún 720.
(iv) Ohùn: 48,000 Hz, kílóbíìtì 384 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún sítẹ́ríò.

Ọ̀rọ̀ ìnáwó

Mẹ́gábíìtì 8 ni ó wà nínú mẹ́gábáìtì 1. Nítorí náà, láìka ohùn mọ́ ọn, ẹ̀kọ́ oníṣẹ́jú 10 yóò tó mẹ́gábáìtì 600 ní 1080, àti 375 ní 720. Olùkọ́ tí owó déétà ń ni lára lè yan 720, kí ó sì kọ lẹ́tà rẹ̀ gàdàgbà. Èyí sàn ju kí ó yan 1080 kí ó sì fi ebi déétà pa á lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ wo fáìlì rẹ̀ lórí fóònù kékeré kí ó tó gbé e lọ. Lẹ́yìn náà, kí ó ní sùúrù, nítorí ẹ̀dà tí kò mọ́lẹ̀ tó ni YouTube máa ń kọ́kọ́ gbé jáde. Bí ẹ̀dà tí ó dára bá dé tí àmì kò sì hàn, kí ó tún iṣẹ́ náà ṣe, nítorí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí ni yóò kọ sílẹ̀.