Bí oníṣòwò ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ ayédèrú alert

Láti Mowe dé Ibafo, títí dé Ifọ, nípìńlẹ̀ Ogun, káṣì nìkan kọ́ ni oníbàárà fi ń sanwó ọjà mọ́. Látìgbà tí owó náírà ti wọ́n bí imí eégún níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti túbọ̀ ń fi fóònù sanwó.

Ṣùgbọ́n wàhálà wà níbẹ̀. Àwọn oníjìbìtì a máa fi ayédèrú alert han ọlọ́jà, wọn a gbẹ́rù, wọn a sì bá tiwọn lọ. Ìgbà tí ọlọ́jà bá ṣírò owó lálẹ́ ni yóò tó mọ̀ pé kò sóhun tó wọlé.

Ọ̀nà àbáyọ kan ni kí ẹ so ètò tẹ́ ẹ fi ń ṣàkọsílẹ̀ ọjà lórí kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ tó ń bá yín gbowó. API ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí ètò méjì ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ fi wé ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán sí báńkì pé kó lọ wò ó bóyá owó ti wọlé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Tí oníbàárà bá fẹ́ sanwó, nọ́ńbà àkáǹtì tó wà fún ọjà yẹn nìkan ni yóò jáde. Ètò NIP, tí iléeṣẹ́ NIBSS gbé kalẹ̀ lọ́dún 2011, ló sábà máa ń gbé owó láti báńkì kan sí òmíràn. Bó bá ti wọlé, iléeṣẹ́ tó ń gbowó, irú bíi Paystack tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, yóò ránṣẹ́ sí ètò ṣọ́ọ̀bù yín. Ètò náà yóò kọ ọ́ pé wọ́n ti sanwó, yóò sì yọ ọjà náà kúrò nínú èyí tó kù nílẹ̀.

Ẹ sọ fẹ́ni tó ń bá yín ṣe é pé:

1. Kí ètò náà padà béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ yẹn kó tó gbà pé owó ti wọlé, kó sì wò ó bóyá iye rẹ̀ pé. Oníjìbìtì lè fi irọ́ ránṣẹ́.

2. Iṣẹ́ kan náà lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbọ́dọ̀ kà á sí owó méjì.

3. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí wọ́n fún yín kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Tẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dá nígbàkigbà, nítorí náà, ẹ fi àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wé ti báńkì lálaalẹ́. Ẹ béèrè iye tí wọn yóò máa yọ lórí owó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú.

Ẹni tọ́jà rẹ̀ kò tíì pọ̀ lè má nílò gbogbo èyí. Kó ṣáà ti máa yẹ àkáǹtì tirẹ̀ wò lórí fóònù ara rẹ̀, kó má ṣe gba fóònù oníbàárà gbọ́, kọ́jà tó kúrò níwájú rẹ̀.