Síìmù Àtìpó àti Síìmù Onílé: Ọ̀rọ̀ tí ó Yẹ fún Fóònù Arìnrìn-àjò

Nígbà tí arìnrìn-àjò láti Ìbàdàn bá gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sábà máa ń yọ síìmù Nàìjíríà kúrò nínú fóònù rẹ̀, kí ó sì fi ti Bìrìtéènì rọ́pò rẹ̀, nítorí owó ìpè. WhatsApp rẹ̀ kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Orí nọ́ńbà àtijọ́ ni ó ṣì wà. Nítorí náà, a rò pé nǹkan kan kò yí padà. Ọjọ́ tí báǹkì rẹ̀ ní Nàìjíríà bá fi kóòdù ìjẹ́rìí ránṣẹ́ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀: síìmù tí ó wà nínú pọ́ọ̀sì ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà ń wá kiri.

Olùtumọ̀ tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé èyí yóò kọ́kọ́ bá ìṣòro ọ̀rọ̀ pàdé. Bí ó bá pe síìmù tí a rà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ‘síìmù ìbílẹ̀’, ti Nàìjíríà gan-an ni òǹkàwé yóò rò, nítorí pé ohun ìbílẹ̀, bí oògùn ìbílẹ̀, ni ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa. Èdè Yorùbá kúkú ti ní ‘àtìpó’ àti ‘onílé’. Síìmù Nàìjíríà ni àtìpó ní Lọ́ńdọ̀nù: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ a gbà á lálejò, a ránṣẹ́ sílé láti béèrè bóyá ọmọ ibẹ̀ ni lóòótọ́, a sì gba owó ibùwọ̀. Síìmù onílé kò jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

‘Nọ́ńbà’ ni ó le jù. Nọ́ńbà ìpè Nàìjíríà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 234, ti Bìrìtéènì pẹ̀lú 44. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mìíràn wà nínú síìmù fúnra rẹ̀, èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá a mọ̀. Nínú èyí, 621 ni Nàìjíríà, 234 sì jẹ́ ti Bìrìtéènì! Ẹni tí ó bá pe méjèèjì ní ‘nọ́ńbà’ lásán ti ṣi òǹkàwé lọ́nà. ‘Nọ́ńbà ìpè’ àti ‘nọ́ńbà ìdánimọ̀’ ni ó yẹ.

Nọ́ńbà ìpè Nàìjíríà tí a fi 080 bẹ̀rẹ̀ nínú fóònù kò ní í wọlé láti orí síìmù onílé; a gbọ́dọ̀ yọ 0 àkọ́kọ́, kí a fi +234 ṣáájú. (Àwọn tí ń fi àmì sí Yorùbá wọn tilẹ̀ ní ìyà tiwọn: àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba àmì 160, ṣùgbọ́n bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, ó di 70.) Ní ti kóòdù báǹkì, fóònù onísíìmù méjì ni ó lè gba àtìpó àti onílé pọ̀. A ó pa dátà ti àtìpó nìkan, a kò ní í yọ síìmù náà.