Kernel Méjì Lórí RAM Kan

Ubuntu 18.04 ló wà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà níwájú mi yìí, RAM rẹ̀ sì jẹ́ 8 GB. Kernel (ọkàn Linux tí Ubuntu ń lò) méjì ló wà nínú rẹ̀: 4.15 tó bá Ubuntu náà wá láti ìbẹ̀rẹ̀, àti 5.4 tó wọlé lẹ́yìn náà. Bí mo bá ń tan ẹ̀rọ náà, mo lè mú èyí tó wù mí. RAM kan náà ni, díìsìkì kan náà ni, kernel nìkan ló ń yí padà.

4.15 ni mo kọ́kọ́ mú. Mo ṣí terminal, mo tẹ uname -r kó lè dá mi lójú pé òun ló ń ṣiṣẹ́, mo wá tẹ cat /proc/meminfo, tó ń fi bí mẹ́mórì ṣe ń lọ hàn. MemTotal ló ṣáájú, kò sì pé 8 GB. Kernel ti mú ìpín tirẹ̀ kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀. Fún ojú-ewé mẹ́mórì kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ báìtì 4,096, ó ń ya báìtì 64 sọ́tọ̀ láti fi ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀. Lórí 8 GB, ìyẹn nìkan tó 128 MB.

MemFree ló tẹ̀ lé e, ó sì kéré. Ibí yìí lẹ̀rù ti máa ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì yẹ kó bà wọ́n. Àwọn fáìlì tí Linux ti kà láti orí díìsìkì ló ń kó sínú RAM tí ẹnikẹ́ni kò lò, kó lè tètè rí wọn bí a bá tún béèrè. Bí ètò kan bá nílò àyè, á kó wọn kúrò. MemAvailable, tó wà ní ìlà kẹta, ló ń fojú díwọ̀n ohun tó ṣì ṣeé lò. Rik van Riel ló kọ ọ́, ó sì dé pẹ̀lú kernel 3.14 lọ́dún 2014. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn alábòójútó ẹ̀rọ máa ń ro MemFree, Buffers àti Cached pọ̀ fúnra wọn. Àròpọ̀ yẹn máa ń tàn wọ́n jẹ, torí ohun tó wà nínú tmpfs, ìyẹn àwọn fáìlì tó ń gbé inú RAM, wà lára Cached, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò ṣeé dà nù.

Mo lọ sísàlẹ̀ títí mo fi kan VmallocUsed, ìlà tó ń sọ iye mẹ́mórì tí kernel gbà nípasẹ̀ vmalloc. Òdo ló wà níbẹ̀, lórí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́! Linus Torvalds, tó dá Linux sílẹ̀, ló yọ ìṣirò ìlà yìí kúrò nínú kernel 4.4, tó jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016. Àwọn ẹ̀dà kan lára glibc, láíbìrì C tí ọ̀pọ̀ ètò ń lò, máa ń ka meminfo nígbàkígbà tí ètò bá bẹ̀rẹ̀, ìṣirò náà sì ń gba àkókò. Ó fi orúkọ ìlà náà sílẹ̀, ó sì fi òdo sí iwájú rẹ̀.

Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn, mo mú 5.4. Àṣẹ kan náà ni mo tẹ̀. VmallocUsed ti ní iye báyìí, torí kernel 5.3 dá a padà lọ́dún 2019 pẹ̀lú ọ̀nà ìkà tó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láàárín Shmem àti Slab, ìlà kan tí kò sí lórí 4.15 ti yọjú: KReclaimable. Láti 4.20 ló ti dé, ó sì ń ka gbogbo ohun tí kernel ń lò tó lè dá padà bí àyè bá há. Kóńgò tí a fi ń wọn ìrẹsì ló yí padà, àpò ìrẹsì ṣì wà bó ṣe wà.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé ẹlòmíì á rí iye tó kúrò ní òdo lẹ́yìn update, á pariwo pé kernel tuntun ń jẹ mẹ́mórì, á sì dá ti àtijọ́ padà, pẹ̀lú gbogbo ihò ààbò tí tuntun ti dí. Lóòótọ́, kernel tuntun lè jẹ RAM jù. Bí ẹ bá fura, ẹ wo Slab, KernelStack àti PageTables, torí wọ́n wà nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún ìwọ̀n àkókò kan náà kí ẹ tó fi wọ́n wéra.

RSS ètò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iye RAM tí ètò náà ń lò, náà kò yọ sílẹ̀ nínú ìyípadà ìkà yìí. Láti 2.6.34 ni thread kọ̀ọ̀kan ti ń tọ́jú ìkà tirẹ̀ díẹ̀ kó tó dà á pọ̀ mọ́ ti gbogbogbòò, kernel 6.2 sì yí ètò ìkà yẹn padà lọ́dún 2023. Ẹni tó bá fẹ́ iye tó péye, kó ka fáìlì smaps ètò náà nínú /proc.

Kí ẹ tó ṣe update, ẹ tọ́jú ẹ̀dà meminfo kan sínú fáìlì. Lẹ́yìn update, ẹ fi diff wò ó, kí ẹ sì kọ́kọ́ wá orúkọ ìlà tó wọlé tàbí tó jáde kí ẹ tó wo iye kankan.