Ẹja Ọdẹ Kéékèèké: Mímú Wọn àti Sísìn Wọn Nínú Àpótí Dígí

Ẹja ọdẹ kéékèèké ni a pe àwọn ẹja odò tí ara wọn kò tóbi, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi ẹja mìíràn, edé, kòkòrò tàbí ekòló ṣe oúnjẹ. Àwọn odò, àbàtà àti àkùrọ̀ gúúsù Nàìjíríà, láti odò Ògùn títí dé Cross River, ní oríṣiríṣi wọn. Ó ti pẹ́ tí àwọn olùsìn ẹja ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń fi owó ra díẹ̀ nínú wọn. Lẹ́bàá odò tí wọ́n ti wá, ẹja wẹ́wẹ́ lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà wọ́n sí, èyí tí a ń sọ sínú ọbẹ̀ tàbí tí a ń dà nù nígbà tí a bá ń tú àwọ̀n. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú wọn fún àpótí dígí inú ilé kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ìṣòro nínú mímú wọn. Iṣẹ́ tí ó ṣòro ni kí ẹja tí a mú lónìí ṣì wà láàyè lẹ́yìn oṣù kan, kí odò tí a ti mú un má sì pàdánù ohun tí kò lè rọ́pò.

Orí bí ẹja kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣọdẹ ni ọgbọ́n mímú rẹ̀ dá lé. Ẹ jẹ́ kí a mú Polycentropsis abbreviata gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, èyí tí onímọ̀ ẹja G. A. Boulenger ṣàpèjúwe ní 1901. Ẹja yìí kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ewé gbígbẹ tí ó ti bọ́ sómi. A máa lúgọ sáàárín gbòǹgbò, a máa da orí kodò, a sì máa jẹ́ kí omi rọra gbé òun bí ewé títí ẹja kékeré yóò fi súnmọ́ ọn. Nígbà náà ni ẹnu rẹ̀ yóò yọ síwájú bí ọ̀pá, tí yóò sì fa ẹran ọdẹ náà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Asán ni kí a máa fi ojú wá irú ẹja bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣàǹfààní ni kí a ti àwọ̀n ọlọ́wọ́ tí ojú rẹ̀ kéré sábẹ́ ìdọ̀tí ewé etí odò, kí a gbé gbogbo rẹ̀ sókè pọ̀, kí a sì dà á sínú abọ́ funfun tí omi odò náà wà nínú rẹ̀. Bí ewé bá rọlẹ̀ tán nínú abọ́, èyí tí ó bá ṣì ń mí ni ẹja.

Òdìkejì rẹ̀ ni Pantodon buchholzi, tí apá rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ìyẹ́ labalábá. Ojú omi gan-an ni ó ń gbé, lábẹ́ ojú oró àti òṣíbàtà, níbi tí ó ti ń retí kòkòrò tí yóò já bọ́. Ojú rẹ̀ wà lókè, nítorí náà ó tètè ń rí ohunkóhun tí ó bá ti òkè wá. Láti ìsàlẹ̀ àti láti ẹ̀yìn ni a ti ń gbé àwọ̀n bọ̀ ọ́, ní ìrọ̀lẹ́ tàbí lálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń fò. Korobá tí kò ní ìdérí kò lè gbà á dé ilé.

Hemichromis fasciatus ní tirẹ̀ jẹ́ ìbátan epìyà, ó ní àmì dúdú márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́, ó sì wọ́pọ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìwọ̀ kékeré tí a ti tẹ ẹ̀gún ẹnu rẹ̀ pa, pẹ̀lú ekòló, ti tó láti mú un. Takọtabo ni wọ́n jọ ń ṣọ́ ẹyin àti ọmọ, wọ́n sì máa ń kọlu ohun gbogbo tí ó bá súnmọ́ wọn, àní àwọ̀n pàápàá. Ìgboyà yìí ni ó ń jẹ́ kí ó rọrùn láti mú wọn ní àkókò tí kò tọ́ kí a mú wọn, nítorí pé bí òbí bá ti kúrò, àwọn ẹja yòókù yóò jẹ ọmọ wọn tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní irú ibi kan náà ni a tún lè rí Ctenopoma kingsleyae, tí Albert Günther sọ lórúkọ Mary Kingsley ní 1896, obìnrin arìnrìn-àjò ará Bìrìtìkó tí ó kó ẹja jọ ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ilé ìṣúra ìmọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹja yìí ní ẹ̀yà ara kan ní orí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi.

Èyí tí ó yẹ kí a dúró lé lórí jù ni Erpetoichthys calabaricus. J. A. Smith ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1865, ìlú Calabar ni a sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní ojú àkọ́kọ́, ejò ni ènìyàn yóò pè é: ara rẹ̀ gùn, ó tín-ín-rín, ìpẹ́ líle ni ó bò ó, ó sì lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Òun nìkan ni ó wà nínú ìdílé orúkọ Erpetoichthys ní gbogbo ayé. Lálẹ́ ni ó máa ń jáde wá ekòló, edé àti kòkòrò omi kiri nínú koríko àbàtà, imú ni ó sì fi ń wá wọn ju ojú lọ. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń jẹ́ kí ó lè gbé inú omi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ìgèrè ni a fi ń mú un, ibí sì ni àṣìṣe tí ó burú jù ti máa ń wáyé. Ẹni tí ó mọ ìgèrè fún àrọ̀ tàbí edé yóò rì í pátápátá, yóò sì padà wá ní òwúrọ̀. Ẹja tí ó ní láti yọ imú sókè mí yóò ti kú sínú rẹ̀. Apá kan ìgèrè gbọ́dọ̀ wà lókè omi ní gbogbo ìgbà, pàápàá níbi tí omi òkun ti ń wọ́ wá tí ó sì ń padà, torí pé ìgèrè tí orí rẹ̀ yọ ní ìrọ̀lẹ́ lè rì ní òru. Òfin kan náà ni fún Ctenopoma, àti fún ike omi tí a gé ọrùn rẹ̀ tí a sì yí i sínú láti fi ṣe pàkúté, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń lò. Irú pàkúté bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ohun tí a fi sílẹ̀ sùn. Ẹ wò ó ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí. Àjọ IUCN ti ka Erpetoichthys mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ewu ìparun ti ń súnmọ́, nítorí pé àbàtà tí ó ń gbé ni a ń gbẹ́ fún oko àti fún ilé. Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò tíì sin ẹja olódò kankan rí kò gbọdọ̀ fi èyí bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dára jù fún iṣẹ́ yìí, nígbà tí omi bá ti fà sẹ́yìn tí ẹja sì kóra jọ sínú kòtò. Ẹ wọ bàtà òjò gígùn, nítorí pé omi tí kò ṣàn tí ìgbín wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ lè fún ènìyàn ní àtọ̀sí ajá. Ẹ má sì fi ọwọ́ lásán kó ohun tí ẹ kò mọ̀ nínú àwọ̀n, torí òjíjí kékeré náà ń gbọn ènìyàn jìgìjìgì. Májèlé, ohun abúgbàù àti iná mànàmáná kò bófin mu fún ìpẹja. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í pẹja nínú ọgbà ìjọba bíi Okomu láìgba àṣẹ, tàbí nínú odò igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, níbi tí ẹja jẹ́ ti òrìṣà. Ní àwọn abúlé mìíràn, baálé tàbí àgbà apẹja ni ó ni ọ̀rọ̀ odò. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn, kí ẹ tó gbé àwọ̀n sílẹ̀.

Ọ̀nà ilé ni ọ̀pọ̀ ẹja ti ń kú. Omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀, korobá tí a gbé sínú oòrùn sì lè pa gbogbo ẹrù rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kún. Kúlà tí ó ní ìdérí dára ju korobá lọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rá ni, kí omi jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, kí afẹ́fẹ́ gba ìyókù, kí ẹja ọdẹ kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, torí pé ẹni tí ó bá kó méjì pọ̀ lè bá ẹyọ kan tí ó yó. Méjì tàbí mẹ́ta tí ó ṣì kéré ti tó. Àwọn àgbà ni wọ́n ń bímọ fún odò, ó sì ṣòro fún wọn láti kọ́ oúnjẹ tuntun.

Àpótí náà gbọ́dọ̀ ti wà ní ìmúrasílẹ̀ kí a tó lọ sí odò. Ìgbẹ́ ẹja ń di amóníà, èyí tí ó jẹ́ májèlé fún ẹja, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú asẹ́ omi ni wọ́n sì ń sọ ọ́ di ohun tí kò léwu púpọ̀. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Bí iná bá lọ fún wákàtí pípẹ́, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí kú, ìdí nìyí tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì fi wúlò ní Nàìjíríà ju ọ̀ṣọ́ èyíkéyìí lọ. Omi àbàtà inú igbó rọ̀, ó sì kan díẹ̀ nítorí ewé tí ń jẹrà nínú rẹ̀. Omi ẹ̀rọ kì í rí bẹ́ẹ̀. Fi okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ kí omi àpótí máa kán sínú ohun tí ẹja wà fún wákàtí kan tàbí méjì, bí omi tí a ń fà sí aláìsàn lára, kí ó tó wọlé.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ní jẹun. Ẹ fi aṣọ bo àpótí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fún un ní tanwíjí, edé ààyè tàbí ekòló, kí ẹ sì máa fi edé òkú sí ẹnu igi tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ máa mì ín níwájú rẹ̀ títí yóò fi gbà á. Polycentropsis ni ó máa ń ṣagídí jù nínú gbogbo wọn. Kò yẹ kí a máa fi ẹja wẹ́wẹ́ tí a rà ní ọjà bọ́ ọ, nítorí àrùn inú wọn yóò bá wọn wọlé.

Ẹja tí ó bá ti bá ẹja mìíràn gbé nínú àpótí kò gbọdọ̀ padà sí odò kankan, ìbáà ṣe odò tí ó ti wá, torí ó lè gbé àrùn lọ. Bí ó bá jẹ́ odò mìíràn ni, ọ̀ràn náà tún burú jù. Hemichromis letourneuxi, tí ó jẹ́ ẹja ilẹ̀ Áfíríkà, dé omi gúúsù Florida ní Amẹ́ríkà nípasẹ̀ àwọn olùsìn ẹja. Láti àwọn ọdún 1960 ni ó ti ń bí sí i níbẹ̀, ó sì ti wọ inú àbàtà Everglades, níbi tí ó ti ń jẹ ẹja onílé. Olùsìn mìíràn tàbí ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń fún ní ẹja tí a kò fẹ́ mọ́.

Kí a kọ orúkọ odò, abúlé àti ọjọ́ tí a mú ẹja sí ara àpótí rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ fi Pantodon ti agbada odò Ọya wé ti agbada odò Kóńgò, ojú kò sì rí ìyàtọ̀ kankan tí ó ṣe pàtàkì láàárín wọn. Àyẹ̀wò àbùdá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 fi hàn pé ó ti ju mílíọ̀nù 50 ọdún lọ tí àwọn méjèèjì ti yapa. Bí a bá dà wọ́n pọ̀ sínú àpótí kan láìsí àkọsílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè fi ojú lásán yà wọ́n mọ́.