Ayé kan ni àbí méjì? Bí ìbéèrè náà ṣe dé Àjàṣẹ́

Bí àrá bá sán pa igi ní Tokpota, ní Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, Ẹ̀gùn á ní Hevioso ló jà, Yorùbá á ní Ṣàngó ni, olùkọ́ á ní iná mànàmáná inú òfuurufú ni. Ṣé inú ayé kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà?

Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ pé jọ sí Porto-Novo lórí irú ìbéèrè yìí. Paulin Hountondji, ọmọ Benin tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí kan nílùú náà nígbà yẹn, ló ṣagbátẹrù rẹ̀. Àpérò yẹn ló di ìwé tí àjọ ìwádìí CODESRIA tẹ̀ jáde lọ́dún 2007.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ń jà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́. Lọ́dún 1945, àlùfáà ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Placide Tempels, kọ̀wé pé àwọn Bàǹtú ní òye tiwọn nípa ohun tí wíwà jẹ́: pé agbára ni ohun gbogbo. Inú ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà dùn sí i, torí òyìnbó ti ń pè wọ́n ní aláìnírònú tipẹ́. Hountondji kọ̀ jálẹ̀. Ní 1977 ó bèèrè nínú ìwé tirẹ̀ bí odindi ìran ṣe lè ní èrò kan ṣoṣo, bí ẹni pé wọn kì í jiyàn láàárín ara wọn. (Ta ni kì í jiyàn ní Àjàṣẹ́?) Àwọn alátakò rẹ̀ ní òyìnbó ti gba orí rẹ̀. Èmi gbà pé òun ló jàre: ẹni tó bá fún wa ní ayé tiwa lọ́tọ̀ ti gba ẹ̀tọ́ àtibi ẹlòmíràn léèrè lọ́wọ́ wa.

Síbẹ̀ kò kẹ̀yìn sí ìmọ̀ àbáláyé. Nínú ìwé tí Hountondji ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1994, Victor Houndonougbo fi ìṣirò yẹ Fá wò, tí Yorùbá ń pè ní Ifá. Ojú mẹ́jọ ló wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á ṣíjú sókè tàbí kó dojú bolẹ̀. Ọ̀nà 256 ló lè gbà balẹ̀, kò lé, kò dín. Babaláwo tó kọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ dé ibẹ̀, onímọ̀ ìṣirò náà dé ibẹ̀. Ohun tí odù ń wí ni wọ́n lè jiyàn lé.

Bẹ́ẹ̀ ni Hountondji fẹ́ ká yẹ ìyókù wò, títí kan ìmọ̀ àwọn tó ń pe òjò: èyí tó bá dúró, kó di ti gbogbo ènìyàn. Ohun tó ń dùn ún ni pé a ń kó ìmọ̀ wa ránṣẹ́ sókè òkun bí ẹkùrọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì ń tà á padà fún wa. Àjàṣẹ́ níbí ló fẹ́ kí iṣẹ́ náà ti máa wáyé. Ó kú ní ọjọ́ 2, oṣù Kejì, ọdún 2024, lẹ́ni ọdún 81.