Kòkòrò Onígbáméjì Náà Mọ Àgbájọ Ọwọ́

Bí ẹ bá tọwọ́ bọ inú ìkòkò omi tí a kò fọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ ń yọ̀. Ẹ má ṣe pè é ní ìdọ̀tí lásán. Ilé tí àwọn kòkòrò àìfojúrí kọ́ ni.

Kòkòrò àrùn onígbáméjì mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibi tí omi òkun àti omi odò ti dàpọ̀, bí ọ̀sà, ni ibùgbé rẹ̀; ènìyàn ni ó ń gbé e wọ ìgboro. Ní 1971, ó kọlu ènìyàn tí ó lé ní 22,000 ní Nàìjíríà, ó sì pa èyí tí ó lé ní 2,900. Ní 2005, ó jà ní Abẹ́òkúta.

Báwo ni ohun tí kò lójú, tí kò létí, ṣe ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó kọ́lé? Kòkòrò kọ̀ọ̀kan a máa tu oje kan sínú omi. Bí wọ́n bá kéré níye, oje náà kò ní pọ̀. Nígbà náà ni àwọn jíìnì wọn, èyíinì ni àṣẹ àjogúnbá inú ara, yóò mú kí wọ́n ṣe ohun yíyọ̀. Wọ́n á fi lẹ̀ mọ́ra wọn, àti mọ́ ara àwọn ẹranko wínníwínní inú omi. Bí wọ́n bá wá pọ̀ tán, tí oje sì kún, jíìnì mìíràn tí à ń pè ní hapR yóò dá iṣẹ́ náà dúró, wọn yóò sì túká lọ wá ibòmíràn.

Omi kíkan inú ikùn wa ń pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dá wà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó sá pamọ́ sínú ohun yíyọ̀ a máa fara da omi kíkan yìí, a sì máa fara da oògùn klorín pẹ̀lú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kòkòrò náà mọ̀ ọ́n.

Kí ni kí a ṣe? Ní abúlé ilẹ̀ Bangladesh, àwọn obìnrin ṣẹ́ ògbólógbòó aṣọ sárì ní ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n fi sẹ́ omi. Ìwádìí tí Rita Colwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2003 fi hàn pé onígbáméjì dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Ẹyọ kòkòrò lè gba ojú aṣọ kọjá. Àwọn tí ó so pọ̀ ni aṣọ ń mú.

Aṣọ kò wọ́n ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹ fi ògbólógbòó tí ó mọ́ sẹ́ omi yín, kí ẹ sì sè é kí ó hó. Kí ẹ tó da oògùn sínú ìkòkò tàbí kẹ́ẹ̀gì, ẹ fi kànìnkànìn gbo inú rẹ̀ dáadáa. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fún aláìsàn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Ẹ wó ilé ọ̀tá kí ó tó di ìlú.